Orúkọ Tí Mo Kọ Sára Tírélà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí mo ń rò lọ́jọ́ kan kò ní láti bi mí léèrè. Kí ó ṣáà wo ohun tí ó bá sún mọ́ mi jù lọ. Bí ó bá jẹ́ ògiri ni, yóò kà á lára ògiri. Bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀kùn ni, ìlẹ̀kùn yóò sọ fún un. Ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n nínú àpò bùbá mi, bí obì kì í ti wọ́n nínú àpò àwọn ẹgbẹ́ mi.

Iṣẹ́ ni ó kọ́ mi. Nígbà tí eegun mi ṣì le, mo wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní tálì kíláàkì ní èbúté. Ẹ̀bá ọkọ̀ ojú omi ni a máa ń dúró sí, a ó máa ka ẹrù bí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó sì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára àpótí tí a bá ti kà. Bí èrò kan bá yọ sí mi láàárín àpótí kan sí òmíràn, ara àpótí náà ni mo ń kọ ọ́ sí: ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé bí mo bá délé, ohun tí ìyàwó mi ní kí n rà bọ̀, èsì ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n ti fún ọ̀gá mi lánàá. Ọ̀pọ̀ nínú èrò mi ni ó ti bá ọkọ̀ lọ. Mo rántí òwe kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hun lọ́wọ́, tí mo kọ ìdajì rẹ̀ sára àpótí tí wọ́n ń kó padà sí òkè òkun. Kí n tó yíjú, wọ́n ti gbé e. Mo dúró ní ìhà èbúté Tin Can, mo ń wo ọkọ̀ náà bí ó ti ń fi erékùṣù Snake Island sẹ́yìn, tí àwọn apẹja ń juwọ́ sí i láti inú ọkọ̀ wọn, tí wọn kò sì mọ̀ pé ìdajì òwe mi ni wọ́n ń juwọ́ sí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí ó ti yẹ lọ. Èmi fúnra mi kò wọ ọkọ̀ òkun rí, ṣùgbọ́n òwe mi ti di ará òkè òkun.

Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé, ẹni tí ó kàwé tó èmi, èéṣe tí n kò fi ra ìwé pélébé kan kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sí. Mo ní ìwé nílé tí ó kún yàrá, mo sì mọ ìwà ìwé. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé a máa jókòó bí ọba, a máa retí pé kí a wá kí òun. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ mọ̀ pé àlejò ni òun. Èrò ojoojúmọ́ dà bí ẹyẹ: kò tọrọ ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀ka igi tí yóò bà lé fún ìgbà díẹ̀ ni ó ń wá.

Ìwà kan wà lára mi tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó yé yín. Ohun tí mo bá ti kọ sílẹ̀, mo ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Bí ọwọ́ bá ti gbà á, orí a tú u sílẹ̀, bí alábàárù tí ó sọ ẹrù kalẹ̀ tí kò tún bojú wẹ̀yìn. N kò kà á sí àléébù. Orí tí kò bá sọ ẹrù kan kalẹ̀, níbo ni yóò gbé òmíràn lé?

Ìyàwó mi kò rí ẹwà kankan nínú ẹ̀kọ́ yìí.

“Bàbá wọn,” ni yóò wí láti ìdí ọpọ́n ìfọṣọ, “ẹ tún ti gbàgbé ṣọ́ọ̀kì sápò. Gbogbo aṣọ ti dà bí aṣọ ẹni tó jà nínú ìyẹ̀fun. Ta ló sì kọ ‘Òtítọ́ kì í sùn’ sára ìlẹ̀kùn ilé ìdáná mi?”

“Èmi ni.”

“Bí ò bá sùn, kó lọ máa ṣọ́ yàrá yín. Ìlẹ̀kùn mi fẹ́ sinmi.”

Báyìí ni a wà nígbà tí Ọlọ́run fi tírélà jíǹkí wa.

Ilé wa wà ní Ajégúnlẹ̀, ní ìhà tí ó kángun sí Àpápá. Ẹni tí ó bá mọ ìhà náà mọ̀ pé tírélà kì í wọ èbúté títí wọn yóò fi pè é, ibikíbi tí ó bá sì ti rí àyè ni yóò ti máa dúró de ìpè. Èyí tí ó rí àyè níwájú ilé wa gbé kọntéènà pupa kan sẹ́yìn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé a gbàgbé pé ó ní táyà. Ìyá oníbúrẹ́dì so agboòrùn rẹ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin tí ó ń rán bàtà gbé àpótí rẹ̀ lọ sí abẹ́ òjìji rẹ̀. Ẹnìkan fi ọ̀dà kọ “Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ” gàdàgbà sára rẹ̀, bí ẹni tí ó kọ ọ́ sára ògiri ilé bàbá rẹ̀. Awakọ̀ a máa wá wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò bá wa jẹ búrẹ́dì, yóò sì lọ.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì kàn án. Ìyàwó mi rí mi láti ojú fèrèsé, mo sì ti ń múra de ìbáwí, ṣùgbọ́n ayọ̀ ni ó bú jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ ṣeun o! Ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀! Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀!”

Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi dara pọ̀ mọ́ mi. Ní òwúrọ̀, kí n tó fọ ẹnu tán, mo ti wà lójú pópó tí mo ń ka kọntéènà bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. “Ẹni tó mú korobá mi, mo mọ̀ ẹ́, mo kàn ń wò ẹ́ ni.” “Ìpàdé lándíọ́ọ̀dù di Sátidé.” “Light don come, e don go.” Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mìíràn kọ ọ́ pé: “E don come again.” Ẹlòmíràn kọ ìbéèrè sílẹ̀ lásán: “Kí ló ń dùn bí ẹ̀fọ́ ọjọ́ kejì?” Ó rí ìdáhùn mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ a wẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣọ̀fọ̀. A ó tún bẹ̀rẹ̀ lórí pupa mímọ́ gaara. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, n kò tíì rí èyí tí ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò yìí ni ìyàwó ọmọkùnrin mi àbíkẹ́yìn bí obìnrin sínú ilé wa, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ní ìdílé wa, bàbá àgbà ni ó ń kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ kí àwọn tó kù tó pe tiwọn, mo sì ti fọ́nnu. Mo ní orúkọ tí n óò fún un kò ní jẹ́ irú èyí tí olùkọ́ yóò pè ní kíláàsì tí ọmọ mẹ́fà yóò dáhùn. Orúkọ tí a hun ni yóò jẹ́, tí ìtàn ìdílé yóò wà nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún àwọn àna wa, ará Ìjọrà, tí àwọn náà kì í fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré, wọ́n sì ti ń múra láti wá gbọ́ ọ.

Orúkọ kò wá. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ó ti wa kíréènì ní èbúté kí ó tó fẹ̀yìn tì; ó ti dé Mẹ́kà, nítorí náà Àlájì ni gbogbo wa ń pè é. Ojoojúmọ́ ni ó ń wá jókòó tì mí láti yọ mí lẹ́nu.

“Akọ̀wé, orúkọ náà ń kọ́?”

“Ó ń bọ̀.”

“Ó ń bọ̀ láti ibo? Àbí ó wà lórí ìlà ní Wharf Road ni, tí ó ń dúró de ìpè?”

Àfi ìgbà tí ìkómọ ku ọ̀la. Mo jáde ní òwúrọ̀ láti ra búrẹ́dì, mo na ọwọ́ láti gbà á, orúkọ náà sì wọlé sórí mi láìkan ìlẹ̀kùn. Ó ní apá mẹ́ta: ìyá tí ó bí mi wà nínú rẹ̀, òjò tí ó rọ̀ lálẹ́ tí ọmọ náà dé wà nínú rẹ̀, ọlá ilé wa sì ni ó so méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo yọ ṣọ́ọ̀kì. Àyè kan ṣoṣo tí ó kù lára kọntéènà wà lábẹ́ “Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ”, kò sì jẹ́ àyè tí mo lè fi yangàn, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í yan ẹ̀ka. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ti kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀: “Ìkómọ lọ́la nílé yìí, láàárọ̀. Gbogbo àdúgbò.” Mo kọ orúkọ náà gbọọrọ, mo fi àmì ohùn sí orí gbogbo rẹ̀, mo wọlé, mo jẹ búrẹ́dì mi, mo sì sun oorun ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ tán.

Nígbà tí mo jí, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù nínú pálọ̀. Mo bọ́ síta. Òpópónà ti fẹ̀ bí ẹnu ẹni tí eyín rẹ̀ já. Ìyá oníbúrẹ́dì jókòó sínú oòrùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di agboòrùn mú.

“Tírélà dà?”

“Wọ́n mà ti pè é, Bàbá!” Ayọ̀ kún ojú rẹ̀. “Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ ò bá rí bó ṣe ń fọn fèrè lọ, bí ọkọ̀ ìyàwó!”

Mo wọ inú orí mi lọ láti wá orúkọ náà. Orí mi mọ́ tónítóní. Ohun tí mo rántí kò ju pé ó dára lọ. Mo rántí ìyá mi, mo rántí òjò, mo rántí ọlá, ṣùgbọ́n bí mo ti ń tò wọ́n ni wọ́n ń ṣubú lura. Kò sì wá sí mi lọ́kàn láti bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àgbà wo ni yóò bi aládùúgbò pé kí ni òun fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ òun? Fìlà mi ni mo gbé, mo sì ké sí Àlájì.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni a wọ̀ lọ sí Wharf Road. Àlájì kò dákẹ́ títí a fi débẹ̀.

“Bí a bá fún un ní ‘Òjòwùmí’ ńkọ́?”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

“‘Ìyájọlá’?”

“Àlájì, o fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, o sì tún ti kọjá rẹ̀.”

Ẹni tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ yíjú sẹ́yìn. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ fún un ní ‘Blessing’, ká sinmi.”

Àlájì rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin kẹ̀kẹ́ mú. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà mú èmi náà, a sì dé Wharf Road bí ọmọ iléèwé méjì tí wọ́n sá kúrò ní kíláàsì.

Ìlà tírélà gùn, kò sì sí èyí tí ó ń kánjú. Èmi kì í sáré. Mo rìn bí ó ti yẹ kí n rìn, mo sì ń kọjá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké. Mo rí pupa wa lókèèrè, ọkàn mi sì fò. Bí mo ti sún mọ́ ọn ni ọkàn náà jábọ́. Ara kọntéènà náà ń dán. Omi ṣì ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Awakọ̀ wa dúró ti korobá àti àkísà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ̀yin bàbá mi! Ẹ wá kí mi kú oríire! Mo fọ gbogbo ara ẹ̀. Ìyàwó kì í fi ojú dídọ̀tí wọlé ọkọ.”

“O fọ gbogbo rẹ̀?”

“Àfi ọ̀dà tí ò lọ.”

Lóòótọ́ ni. “Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ” wà níbẹ̀ digbí. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ bí awo.

“Nǹkan kan wà lábẹ́ ibẹ̀,” ni mo wí, mo sì mú ohùn mi rọlẹ̀ bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

“Èyí gbọọrọ yẹn? Mo kà á kí n tó fọ̀ ọ́. Orúkọ ọmọ tuntun ni, àbí? Bàbá, ó dùn!”

“Kí ni ó wà níbẹ̀?”

Awakọ̀ wo ojú mi, ó wo ojú Àlájì, ó sì fi àkísà bo ẹnu. “Háà, Bàbá. Ọ̀la ni ìkómọ. Kí n wá pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lójú títì, kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ? Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọn nílé, ṣebí gbogbo àdúgbò yín ló kà á.” Ìlà sún. Ó fò wọ ọkọ̀, ó fọn fèrè fún wa, ó sì lọ.

Mo dúró níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi ni. Orúkọ tí ó yẹ kí ó jẹ́ àṣírí títí di ọ̀la ni mo kọ gàdàgbà sójú pópó. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n, àfi èmi.

Nígbà tí a padà dé, mo tọ Ìyá oníbúrẹ́dì lọ jẹ́jẹ́.

“Ṣé o rí ohun tí mo kọ láàárọ̀ yìí?”

Ojú rẹ̀ tàn, ó sì tètè fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. “Kì í ṣe ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ, Bàbá. A kì í pè é kó tó tó ọjọ́.”

Mo kọjú sí ọkùnrin tí ó ń rán bàtà.

“Èmi? Mi ò mọ̀wé kà, sà.”

“Ìwọ tí o ka ìwé ìròyìn sí mi létí lánàá?”

“Àná nìyẹn, sà.”

Obìnrin ará Warri tí ó ń gbé ilé kejì gbọ́ wa, ó sì jáde sí ẹnu ọ̀nà. “Baba, for my people side we no get that law. I for call am for you now now.” Ìrètí mi sọjí. “But that name long pass the trailer. I begin read am for front, my rice don burn before I reach middle.”

Àlájì ti jókòó sílẹ̀ lórí àpótí oníbàtà, omijé ẹ̀rín ń ṣàn lójú rẹ̀. “Akọ̀wé! O fi àṣírí pa mọ́ síbi tí gbogbo ayé ti rí i, ìwọ nìkan lo pa á mọ́ fún!”

Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti bá wa. Ó dúró, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á fún un.

“Ìwọ náà kà á?” ni mo bi í.

“Mo kà á.” Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Mo dúró síwájú ẹ̀ pẹ̀lú korobá omi, mi ò lè lọ. Ìyá yín wà níbẹ̀ rekete. Ó dára, Bàbá wọn.”

“Nígbà náà, sọ ọ́ fún mi.”

“Èèwọ̀ ni.” Ó na ọwọ́ sí àpò bùbá mi, àpò tí ó ti ń bá jà láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ó sì yọ ṣọ́ọ̀kì jáde. “Pípè ni wọ́n ní ká má pè é. Ta ló ní ká má kọ ọ́? Ẹ mú ọwọ́ òsì wá.”

Ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi lójú gbogbo àdúgbò, gbogbo wọn sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò rí nǹkan. Bí mo ti kà á ni ara mi yá gágá. Òun ni! Òun gan-an ni!

Mo fi ọwọ́ náà sórí ìrọ̀rí sùn bí ẹni tí ó gbé ẹyin. Ọwọ́ kan ni mo fi wẹ̀ láàárọ̀. Orí mi, ní tirẹ̀, rí i pé ọwọ́ ti gbà á, ó sì tún tú u sílẹ̀, bí ìṣe rẹ̀.

Ilé kún. Àwọn àna wa ti Ìjọrà dé, wọ́n jókòó níwájú gan-an, etí wọn ṣí sílẹ̀. Àdúgbò kún ẹ̀yìn títí dé ojú pópó, dé ibi tí tírélà wa ti máa ń wà. Wọ́n gbé omi, oyin àti iyọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ó di ọwọ́ bàbá àgbà. Mo dìde, mo tún agbádá ṣe, mo sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi díẹ̀ nínú aṣọ.

Òógùn ti jẹ ẹ́. Apá àkọ́kọ́ ni ó kù, ìyókù ti di ìkùukùu funfun.

N kò ní irọ́ láti pa: mo kọ́kọ́ wo ọ̀nà ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dìde kò lè jókòó. Mo gbé ohùn sókè, mo pe apá àkọ́kọ́, gbangba, mo sì dúró, bí àgbà ti í dúró láti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ balẹ̀. Mo dúró pẹ́. Mo ti fẹ́ kú tán nínú agbádá náà.

Ìyá oníbúrẹ́dì kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ṣebí ọjọ́ ti pé. Òun àti oníbàtà jọ pe apá kejì lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sì tó mí, gbogbo àdúgbò, láti inú pálọ̀ dé ojú pópó, ti pe apá kẹta bí ẹgbẹ́ akọrin. Obìnrin ará Warri ni ó parí rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì pè é já dé òpin, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àgbà jù nínú àwọn àna wa wò yíká, ẹnu rẹ̀ ṣí.

“Bàbá, ṣé ẹ ti kọ́ gbogbo àdúgbò ni?”

“Ìdílé wa,” ni mo dáhùn, bí ó ti yẹ mí, “kì í dá sọ ọmọ lórúkọ.”

Àlájì wúkọ́ sínú fìlà rẹ̀.

Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ òsì gbé orí rẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ oyin sí i lẹ́nu, ó sì lá a, ó ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tí ó ti gbọ́ orúkọ náà tipẹ́. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Òun ni ó ni ín, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kí ó wá bi àdúgbò wa. Nígbà tí mo dá a padà fún ìyá rẹ̀, ìyàwó mi rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà kan tí ṣọ́ọ̀kì ti sọ di funfun kinniwin.

“Bàbá wọn! Ẹ tún ti kọ ọ́ sára ọmọ!”

Ó gbé etí aṣọ rẹ̀ láti nù ún, ó wò ó, ó sì rọra sọ aṣọ náà sílẹ̀ láìnù ún.